Ìtọ́jú ẹ̀rọ amúlétutù inú ilé ní Abẹ́òkúta

Ìtọ́jú ẹ̀rọ amúlétutù, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí AC, ni fífọ̀, yíyẹ̀wò àti àtúnṣe tí a ń ṣe fún un kí ó lè pẹ́, kí ó má sì jẹ iná jù. Ní Abẹ́òkúta, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn, ohun mẹ́ta ló sábà máa ń dá ẹ̀rọ náà láàmú: eruku, gáàsì tó ń jò, àti iná tí kì í dúró lójú kan. Irú èyí tí apá rẹ̀ kan wà nínú yàrá, tí èkejì wà níta, ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Willis Carrier, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, ni a máa ń kà sí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀rọ yìí ti òde òní, ní ọdún 1902, fún ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, níbi tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ti ń ba bébà jẹ́. Ẹ̀rọ náà kì í ṣẹ̀dá òtútù. Ooru ló ń kó jáde. Gáàsì inú kọ́ìlì yàrá, ìyẹn páìpù tí a ká, á fa ooru mọ́ra, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀yà tó ń fún gáàsì pọ̀, á tì í lọ síta, ibẹ̀ ni yóò ti tú ooru náà dànù kí ó tó padà wọlé. Ọ̀rinrin tó bá kan kọ́ìlì tutù á di omi, òun ló ń kán láti ẹnu ọ̀pá tó yọ sí ẹ̀yìn ògiri.

Eruku àti omi

Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ọyẹ́ máa ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá. Ní àdúgbò tí ọ̀dà kò tíì dé ojú ọ̀nà, eruku pupa tún ń kún un. Asẹ́ tó wà lẹ́yìn ìdérí apá inú yàrá ló kọ́kọ́ ń gbà á. Onílé lè fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀: kí ó pa iná, kí ó yọ asẹ́, kí ó fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, kí ó sì sá a síbi òjìji, nítorí oòrùn lè lọ́ ike rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló yẹ. Lásìkò òjò, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù sábà máa ń tó.

Apá tó wà níta náà ń fẹ́ àyè. Ní àdúgbò àtijọ́ bíi ti ẹ̀gbẹ́ Òkè Olúmọ, níbi tí ilé ti fara kọ́ra, ẹ̀rọ tí a bá gbé sí àárín ògiri méjì tó há yóò máa fa ooru tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú jáde padà sára. Omi tí kò ní ipá púpọ̀ ni a fi ń fọ kọ́ìlì rẹ̀, kí àwọn ìyẹ́ irin tín-ín-rín ara rẹ̀ má baà wó.

Bí omi bá ń kán sínú yàrá, ọ̀pá omi ló sábà máa ń dí, nítorí ìdọ̀tí tó ń yọ̀ bí ilá. Ọmọńlé àti èèrà tún máa ń wọ ibi tí wáyà wà.

Gáàsì

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà níbí. Gáàsì kì í tán bí epo inú mọ́tò. Inú páìpù tí a dí pa ló wà, èyí tí wọ́n fi sí i láti ilé iṣẹ́ sì yẹ kí ó bá ẹ̀rọ náà kalẹ́. Bí ó bá dín, ó ń jò níbì kan. Ẹni tó ń san owó gáàsì lọ́dọọdún láìwá ojú ibi tó ń jò, omi ló ń pọn sínú agbè tó lu.

Yìnyín tó bá bo páìpù lè jẹ́ àmì pé gáàsì ti dín, ṣùgbọ́n asẹ́ tó dọ̀tí náà máa ń fa irú rẹ̀. Nítorí náà, asẹ́ ni a ó kọ́kọ́ wò. Òróró tó bá yí ojú ìsopọ̀ páìpù ká jẹ́ àmì tó dájú díẹ̀ sí i. Oníṣẹ́ á fi ìfófòó ọṣẹ wá ojú ibẹ̀, á dí i, á fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú páìpù jáde pátápátá, kí ó tó wọn gáàsì sí i lórí òṣùwọ̀n. Iye tó yẹ àti irú rẹ̀ wà lára àkọlé apá tó wà níta.

Gáàsì tí a ń pè ní R-22 ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́. Ó ń ba ìpele ozone jẹ́, èyí tó ń dáàbò bo ayé lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn, àdéhùn àgbáyé ti Montreal ti ọdún 1987 sì ni a fi ń mú un kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gáàsì míì, R-410A, kì í ba ozone jẹ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná tó ìlọ́po 2,000 ti carbon dioxide. Ti gáàsì kẹta, R-32, jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Wọn kò ṣeé pò mọ́ra. R-410A ní ipá tó ju ti R-22 lọ dáadáa, ó sì jẹ́ àdàlù gáàsì méjì, nítorí náà nígbà tó bá wà bí omi ni a ń fi í sínú ẹ̀rọ. R-32 lè gbiná, kò sì yẹ kí iná wà nítòsí nígbà tí a bá ń fi í sínú ẹ̀rọ.

Iná mànàmáná

Fólítì 230 ni iná ilé ní Nàìjíríà. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á máa fa iná púpọ̀ sí i láti ṣe iṣẹ́ kan náà, wáyà inú rẹ̀ á gbóná, ó sì lè jó. Sìtébíláísà tó ń dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ó tó tan ẹ̀rọ padà dára jù, kí ipá inú páìpù lè rọlẹ̀ ná. Kàpásítọ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú ẹ̀rọ, máa ń di iná mú kódà lẹ́yìn tí a bá ti pa ẹ̀rọ. Fífọwọ́ kàn án kì í ṣe iṣẹ́ onílé.

Àkókò iṣẹ́

Yíyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún sábà máa ń tó: ẹ̀ẹ̀kan bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, ẹ̀ẹ̀kan bí ọyẹ́ bá ti lọ, kí ooru oṣù Kẹta tó mú.