Tábìlì tó jẹ́rìí: bí wọ́n ṣe hun fíìmù Gimme Shelter

Àwọn kan ò yéé sọ ọ́ pé "Sympathy for the Devil" ni Rolling Stones, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gún Meredith Hunter, ọmọ ọdún 18, pa níbi eré wọn ní Altamont, California, ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1969. Kò rí bẹ́ẹ̀. "Under My Thumb" ni. Ìjà dá orin Sàtánì yẹn dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n Hunter ṣì wà láàyè nígbà náà. Orúkọ Sàtánì ló ń dùn mọ́ wọn lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá wo Gimme Shelter, fíìmù nípa ìrìn àjò orin wọn nígbà náà, á fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.

Bí ẹ̀rí náà ṣe dénú fíìmù ló dùn ún gbọ́. Kámẹ́rà àwọn tó ṣe fíìmù náà ń ya àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò gba ohùn. Ẹlòmíràn ló ń fi téèpù gba ìyẹn. Albert Maysles gbé kámẹ́rà, David àbúrò rẹ̀ ń gba ohùn. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Charlotte Zwerin, olótùú fíìmù náà, lórí Steenbeck, tábìlì ará Jámánì tí wọ́n fi ń to fíìmù pọ̀, tó ní àwo ribiti: àwòrán ń yí lórí àwọn kan, ohùn ń yí lórí àwọn yòókù, wọ́n jọ ń sáré pọ̀. Ó ṣeé dá dúró, ó ṣeé yí sẹ́yìn, ó ṣeé wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Aṣọ òfì ni. Àwòrán ni òwú tí wọ́n ta gbọọrọ, ohùn lèyí tí ahunṣọ ń jù gba àárín rẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ díẹ̀, ẹnu olórin á ti pa dé kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ahunṣọ tó mọṣẹ́ sì mọ̀ pé ibi tí òwú ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ojú aṣọ. Àbá Zwerin ni pé kí àwọn olórin wá jókòó ti tábìlì, kí wọ́n wo ara wọn, kí kámẹ́rà sì ya ìyẹn náà. Kí a tó rìn jìnnà nínú ìrìn àjò wọn, Madison Square Garden ní New York, yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ní Muscle Shoals, a ti rí ojú Charlie Watts onílù níbi tó ti ń gbọ́ ìròyìn ikú láti orí rédíò. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ijó Mick Jagger, akọrin wọn, di ijó ẹni tí kò mọ ohun tó ń bọ̀. Fíìmù náà ò ní asọ̀tàn kankan, kò sì nílò rẹ̀.

Àléébù kan wà níbẹ̀ ṣá. Nídìí tábìlì, Jagger ní kí wọ́n yí àwòrán ikú Hunter padà sẹ́yìn. David dá a dúró: ìbọn Hunter hàn lára aṣọ obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀bẹ Alan Passaro, ọmọ ẹgbẹ́ Hells Angels, àwọn tó ń gun alùpùpù, sì wọlé. Ilé ẹjọ́ wo àwòrán yìí, wọ́n ní Passaro gbèjà ara rẹ̀ ni, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1971. Àmọ́ àwòrán tó bá dúró sójú kan máa ń jọ pé inú rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀bi wà. Ìtàgé tí kò ga ju nǹkan bíi mítà kan lọ ńkọ́, tí wọ́n ṣètò fún orí òkè níbòmíràn, tí wọ́n wá sáré gbé kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́? Omi kì í ṣàn gun òkè. Nǹkan bí 300,000 èèyàn ló ń ṣàn wá bá a, àwọn Hells Angels tí wọ́n fi bíà háyà ló sì dúró yí i ká. A rí lọ́yà àwọn Rolling Stones, Melvin Belli, lórí fóònù tó ń wá ilẹ̀ fún wọn. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n yí ìyẹn padà wò.

Nígbà tí Jagger dìde nídìí tábìlì láti máa lọ, wọ́n dá ojú tirẹ̀ náà dúró.