Bí Fìtílà Ṣe Di Pàkúté Àfòpiná

Nílé ìyá àgbà wa ní ìlú Oǹdó, tí òjò bá ti dá lálẹ́, a ó gbé àtùpà sáàárín abọ́ omi ńlá. Èsúnsún á pòyì yí iná ká títí wọn á fi já sómi, a ó sì dín wọn jẹ. Àfòpiná a máa bá wọn kú síbẹ̀. Àwọn yẹn la máa ń ṣà dànù.

Irú ọgbọ́n yìí gan-an ni wọ́n fi ń mú àfòpiná nílùú Òyìnbó láti kà wọ́n, ṣùgbọ́n iná kọ́ ni gbogbo wọn kọ́kọ́ gbára lé. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ará Ìlú Ọba á se oyin ìrèké dúdú mọ́ ọtí líle, wọ́n á kùn ún sára igi ní ìrọ̀lẹ́. Àfòpiná á wá lá a, wọ́n á mú un, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ kàn án mọ́ àpótí. Ẹwà rẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Ní 1933, C. B. Williams, onímọ̀ nípa kòkòrò, gbé pàkúté oníná kalẹ̀ ní Rothamsted ní Ìlú Ọba, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀. Alaalẹ́ ló ń tàn án lójú kan náà, tó sì ń ka ohun tó kó sínú rẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà: ẹni tó bá kà lónìí tó tún kà lọ́dún tó ń bọ̀ ló lè mọ̀ bóyá àfòpiná ń dín kù.

Ní 1950, àwọn méjì tó ń jẹ́ Robinson gbé pàkúté tiwọn jáde. Gílóòbù mẹ́kúrì rẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, àmọ́ kò ṣeé lò níbi tí kò sí iná mànàmáná. Ta ni yóò wá fa wáyà dé àárín àbàtà? Àbàtà ibẹ̀ sì ṣe pàtàkì: ewéko tó kú tí kò jẹrà tán ló ń gun orí ara wọn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn àfòpiná kan ò sì fẹ́ ibòmíràn. Ní 1965, John Heath, onímọ̀ nípa kòkòrò, ṣe èyí tó ṣeé gbé rìn. Irú rẹ̀ tí wọ́n ń gbé lọ sí àbàtà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn báyìí, bátìrì ló ń lò. Kòkòrò á gba ẹnu àrọ já sínú àpótí, á sì sá pamọ́ sínú páálí ẹyin. Tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á gbé páálí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ irú rẹ̀, iye rẹ̀, ọjọ́ àti ibi, wọ́n á tú u sílẹ̀ lábẹ́ ewé kí ẹyẹ má bàa rí i. Heath yìí náà ló darí ètò àkọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Nígbà tó fi di 2019, àkọsílẹ̀ àfòpiná ńláńlá ibẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 25.

Àwọn àgbà wa ní àfòpiná tó lóun ó pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Ìwádìí tó jáde ní 2024 fi hàn pé kò bá fìtílà jà. Ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù lóru ló ń kọ ẹ̀yìn sí, torí ọ̀run ló sábà máa ń jẹ́. Tí iná bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn náà ni yóò kọ sí i, yóò sì máa pòyì.

Ní Àkúrẹ́, lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo ta aṣọ funfun sórí okùn lẹ́yìnkùlé, mo gbé iná oníbátìrì síwájú rẹ̀. Ọ̀kan bà, ó pupa bí ewé kòkó gbígbẹ, irun ọrùn rẹ̀ nípọn, ìyẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kó tó sinmi. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé: Àkúrẹ́, aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹyọ kan.