Ibi tí ẹ̀rọ orin asáré ti ṣẹ̀ wá

Bí ẹ bá jí sáré ní Adó-Èkìtì kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù, ẹ ó rí i pé títì tó ti Fájùyì lọ sí ọ̀nà Ìyìn kì í dá. Àwọn kan wọ bàtà eré gidi, àwọn kan wọ sálúbàtà, ìyá kan sì wà tó ń fi ìró sáré tí kò sẹ́ni tó lè lé e bá. Kí n má parọ́, iyán ló lé ọ̀pọ̀ nínú wa síta. Ẹni tó ti ń jẹ iyán lálaalẹ́ láti kékeré, tó wá fi oko sílẹ̀ tó ń jókòó sí ọ́fíìsì, dókítà á pè é lọ́jọ́ kan, á ní kó lọ máa mi ara. Bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tó máa ń rìn kánmọ́kánmọ́ lápá ibẹ̀, fi ọ̀pá dábùú ọ̀nà mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò gbọ́ ni? Mo ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Mo yọ nǹkan kúrò létí, mo tẹ̀ ba. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Orin ni mo ń gbọ́ sà."

"Orin kẹ̀? Asọ̀rọ̀mágbèsì ló wá kéré tó báyìí?"

Ó gba ẹ̀rọ náà, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò tóbi tó páálí ìṣáná. Ó bi mí pé ta ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀. N ò mọ̀. Ìtìjú ọjọ́ náà ló mú kí n lọ wádìí, ohun tí mo sì rí nínú ìtàn rẹ̀ ló kọ́ mi ní èyí tó yẹ kí n máa rà, torí mẹ́ta ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó gbọ́n.

Orúkọ tí bàbá pè é yẹn gan-an ti ní ìtàn tirẹ̀. Lọ́dún 1935 ni ìjọba àmúnisìn bẹ̀rẹ̀ rédífúsọ̀n ní Èkó. Wọ́n á fa wáyà wọ ilé, wọ́n á so àpótí kan mọ́ ògiri, àpótí á máa sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Ẹni tó bá dìde kúrò níwájú rẹ̀ ti pàdánù ohun tó ń sọ. Orin tí èèyàn ń gbọ́ lórí ìrìn, ẹnu èèyàn ló ti ń jáde. Ní Èkìtì, bí àwọn ọkùnrin bá ṣọ̀wẹ̀ lóko ẹnìkan láti kọ ebè, ẹnìkan á dá orin, àwọn yòókù á gbè é, gbogbo ọkọ́ á sì máa balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń dá orin ló mọ ìgbà tó yẹ kí ọwọ́ yá àti ìgbà tó yẹ kó rọra. Bàbá ní bákan náà ni nígbà tí òun ń kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sáré gba ọ̀nà oko: ọmọ kan á lé, ìyókù á gbè. "Bí mo bá wà lẹ́yìn, tí n ò gbọ́ orin mọ́, mo ti mọ̀ pé wọ́n ti kan òkè nìyẹn."

Ohun tó kọ́kọ́ já àpótí kúrò lára ògiri ni tírànsísítọ̀, tí wọ́n ṣe ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1947. Ṣáájú ìgbà náà, gílóòbù onígíláàsì ló ń ṣiṣẹ́ nínú rédíò, ó ń gbóná, ó ń jẹ iná, bó bá sì já bọ́ ó ti tán. Tírànsísítọ̀ kò ju hóró ọkà lọ. Lọ́dún 1954 ni Regency TR-1 jáde, rédíò tírànsísítọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún aráàlú, ó sì wọ àpò ẹ̀wù. Dọ́là 49.95 ni wọ́n ń tà á, owó ńlá nígbà yẹn. Nígbà tí irú rẹ̀ fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, bàbá ní àwọn tó bá ta kòkó dáadáa ló máa ń fi tiwọn kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kí gbogbo abúlé lè mọ̀ pé wọ́n ti ra òkúta bátìrì tuntun sí i.

Ṣùgbọ́n ohun tó bá wu rédíò ló ń kọ. Ìwọ fẹ́ orin tó yá, òun ń ka ìròyìn. Lou Ottens àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Philips ló gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde lọ́dún 1963. Kó tó ṣe ẹ̀rọ náà, ó gé pátákó kékeré kan tó wọ àpò kóòtù rẹ̀, ó ní bí ẹ̀rọ náà kò bá ju pátákó yìí lọ, ó ti tó. Ìwà yẹn dùn mọ́ mi nínú. Àpò ni ó kọ́kọ́ wọ̀n, ẹ̀rọ ló kẹ́yìn.

Ẹni tó kọ́kọ́ so kásẹ́ẹ̀tì mọ́ ara èèyàn tó ń rìn ni Andreas Pavel, ọmọ Jámánì tó dàgbà ní Bùràsíìlì. Lọ́dún 1972 ló gbé tirẹ̀ wọnú yìnyín orí òkè ní Siwitsaláǹdì, tó fi sí etí, tó sì ń rìn. Ó gbé e lọ fún àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, wọ́n ní ta ni yóò gbà kí aráyé rí òun níta pẹ̀lú nǹkan létí. Ní 1977 ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní Ítálì. Ọdún gbọọrọ ló fi bá Sony, ilé iṣẹ́ Japan tó wá ṣe irú rẹ̀ tà, fa ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yìn ọdún 2000 ni wọ́n tó parí rẹ̀.

Sony ní tiwọn, Masaru Ibuka tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ló ń wá ohun tí yóò máa gbọ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n mú ẹ̀rọ tí àwọn oníròyìn fi ń gba ohùn sílẹ̀, wọ́n yọ ibi tó ń gbohùn sílẹ̀ kúrò, wọ́n yọ sípíkà rẹ̀ náà. Àwọn kan nínú ilé iṣẹ́ náà bú sẹ́rìn-ín: téèpù tí kò lè gbohùn sílẹ̀, kí la fẹ́ fi ṣe? Akio Morita, tí òun àti Ibuka jọ dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, takú. Ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1979 ni Walkman àkọ́kọ́ jáde ní Japan ní owó yẹ́ẹ̀nì 33,000. Ihò íapíìsì méjì ló ní, torí Morita rò pé ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni kí ẹnìkan máa dá gbọ́ orin. Bàbá olùkọ́ yẹn ìbá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́kúmáànù àkọ́kọ́ tí mo fojú rí, àbúrò bàbá mi ló gbé e ti Èkó bọ̀ wá sí Ìkẹ́rẹ́ nígbà ọdún Kérésìmesì kan. A tò sẹ́yìn rẹ̀ bí àwọn tó fẹ́ gba àjẹsára, kí kálukú lè gbọ́ ìṣẹ́jú kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi há bẹ́líìtì, ó ní òun fẹ́ sáré dé ẹsẹ̀ Olósùnta. Kò pẹ́ tó fi padà. Ó ní akọrin ń fa ohùn bí ẹni tó mutí yó. Ìdí rẹ̀ rọrùn: kásẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ máa sá ní sẹ̀ǹtímítà 4.76 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò gbọdọ̀ yá jù, kò gbọdọ̀ falẹ̀. Irin kékeré kan àti rọ́bà ló ń fà á. Bí ara bá ń fò sókè sódò, kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀ á máa ṣe ségesège, orin á sì máa yọ̀. Kí ìsinmi Kérésìmesì tó parí, ẹ̀rọ náà jẹ kásẹ́ẹ̀tì méjì, àwa ọmọdé ló sì fi bírò yí wọn padà.

Nínú gbogbo wọn, èyí tí mo kà sí baba ńlá ẹ̀rọ orin asáré ni Sports Walkman tó jáde ní 1983. Àwọ̀ ìyeyè ló ní, kí èèyàn lè tètè rí i. Wọ́n fi rọ́bà yí etí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ká, wọ́n fi rọ́bà bo àwọn bọ́tìnnì, omi kò sì tètè wọ ọ́. Ìgbà yẹn ni ẹnìkan kọ́kọ́ jókòó ronú pé ẹni tó ń sáré ń làágùn, òjò lè pa á, ó sì lè ṣubú. Síbẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì náà ló ń yí nínú rẹ̀.

Kí n tètè kọjá lórí Discman ọdún 1984, ẹ̀rọ Sony tó ń lo àwo CD, torí asáré kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Iná tín-ín-rín ló ń ka ojú àwo tó ń yí, ẹsẹ̀ méjì tí o bá gbé, orin ti fo. Nígbà tó yá wọ́n fún un ní mẹ́mọ́rì tó ń ka orin sílẹ̀ ṣáájú, ìṣẹ́jú àáyá 10, lẹ́yìn náà 40. Ẹ̀rọ tó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀, ta ló fẹ́ gbé e gun òkè Èkìtì?

Ojútùú ti ibi tí ẹnì kankan kò wò wá. Ní Jámánì, Karlheinz Brandenburg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Fraunhofer ń wá bí wọn yóò ṣe fún orin kéré. Wọ́n ṣàkíyèsí pé bí ìlù ńlá bá dún, etí kì í gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n bá ń yọ ohun tí etí kò ní gbọ́ dànù. Orin á wá kéré tó bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ní oṣù Keje 1995 ni wọ́n fẹnu kò sí mp3 gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìparí fáìlì rẹ̀. Bí orin ti kéré báyìí, ó lè wọnú mẹ́mọ́rì tí kò ní ohun kankan tó ń yí nínú. Ilé iṣẹ́ Saehan ní Kòríà gbé MPMan jáde ní 1998, Rio PMP300 ti Amẹ́ríkà tẹ̀lé e lọ́dún kan náà. Mẹ́gábáìtì 32 ni Rio ní, ìyẹn bí ìdajì wákàtí orin, òkúta kékeré kan ló sì ń lò. Àwọn ilé iṣẹ́ olórin gbé e lọ sí kóòtù, wọn kò rí i dá dúró.

Ìdajì wákàtí ni mo ń fi sáré láti Fájùyì lọ àti bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n wí tẹnu mi: Rio ló yanjú ọ̀rọ̀ asáré, kì í ṣe iPod ti Apple tí gbogbo ayé ń yìn. iPod tó jáde ní oṣù Kẹwàá 2001 gba orin 1,000, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n dísìkì tó ń yí ló wà nínú rẹ̀. Apple fúnra wọn padà sọ́nà ní 2005 pẹ̀lú Shuffle, tó jẹ́ giráàmù 22, tí kò lójú rárá. Àwọn èèyàn fi í ṣẹ̀fẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n fi ìgámú sí ẹ̀yìn rẹ̀, o lè fi gán ọrùn ẹ̀wù. Gbogbo pẹlẹbẹ kékeré aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń tà nítòsí Ọjà Ọba, tó ń lo mẹ́mọ́rì káàdì, ọmọ rẹ̀ ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé baba kò mọ̀ wọ́n.

Ọ̀kan nínú wọn ni mo kọ́kọ́ rà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò. Òógùn wọ ihò tí wọ́n ti ń ṣáájì rẹ̀, iyọ̀ inú òógùn jẹ irin ibẹ̀ títí ó fi dípẹtà, mo fi ṣájà sí i, kò dáhùn. Èkejì, ọyẹ́ ló pa á: eruku há sábẹ́ bọ́tìnnì, ohùn kò lọ sókè kò lọ sílẹ̀ mọ́. Ẹ̀kẹta já bọ́ lára ẹ̀wù mi sínú gọ́tà, torí ike ni ìgámú rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé nọ́ńbà kan wà lára páálí tó yẹ kí n máa kà. IP ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bí eruku ṣe lè wọ ọ́ tó, 6 ló ga jù. Ìkejì ń sọ ti omi: 7 túmọ̀ sí pé ó lè wà nínú omi mítà kan fún 30 ìṣẹ́jú. Bí wọ́n bá fi X sí ipò nọ́ńbà kan, wọn kò sọ ohunkóhun nípa ìyẹn ni. Nítorí náà IPX7 á gba òjò oṣù Keje, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí kankan lórí ọyẹ́. Èyí tí mò ń lò báyìí, 6 ló ṣáájú. Mẹ́mọ́rì rẹ̀ wà nínú, kò ní ihò káàdì. Bọ́tìnnì gidi ló ní, torí ìka tó làágùn kì í bá ojú ìfọwọ́tẹ̀ ṣọ̀rẹ́. Irin ni ìgámú rẹ̀.

Ẹ lè ní fóònù ti tó. Ó tó lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí Apple fi dá Shuffle dúró ní 2017, tí wọ́n sì pa iPod tì pátápátá ní 2022. Ṣùgbọ́n fóònù wúwo lápá, ọ̀gá á sì máa pè ọ́ lórí òkè. Ní pápá Olúyẹmí Káyọ̀dé, níbi tí mo ti ń sáré yípo lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń rántí pé ẹni tí wọ́n fi sọ ibẹ̀, ọmọ Èkìtì tó wà lára àwọn tó gba fàdákà eré àgbéfúnra-ẹni 4×100 fún Nàìjíríà ní Barcelona lọ́dún 1992, kò lè ki nǹkan kan sétí níbi ìdíje. Òfin kò gbà á. Àwa tí iyán ń lé ni ẹ̀rọ yìí wà fún.

Mo padà sọ gbogbo èyí fún bàbá. Ó ní kí n bá òun ra ọ̀kan, etí kan ṣoṣo ni òun yóò máa kì í sí nítorí àwọn ọlọ́kadà. Mo rà á. Ó wá ka àwọn orin tó fẹ́ fún mi, àwọn orin tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fi ń sáré gba ọ̀nà oko. Mo wá wọn títí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo bi àwọn tó ń da orin sí káàdì, kò sí. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo gbé fóònù síwájú rẹ̀ ní ìloro ilé rẹ̀, mo ní, "Ẹ dá a sà, èmi á gbè é." Orin mẹ́rin la gbà sílẹ̀. Nínú ìkẹta, ewúrẹ́ kan ń ké lẹ́yìn wa. Ó ní kí n má yọ ọ́.