Bí X-ray ṣe kúrò nílùú ńlá

Ẹni tó bá ti gbé ìyá arúgbó láti abúlé lọ sílùú ńlá torí X-ray àyà kan ṣoṣo á mọ ohun tí mò ń sọ: owó mọ́tò lọ́tọ̀, owó ibi tẹ́ ẹ máa sùn lọ́tọ̀, tẹ́ ẹ bá wá débẹ̀ wọ́n á ní kò síná. Ìyà yẹn ò bẹ̀rẹ̀ lónìí o. Ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá 1895 ni Wilhelm Röntgen rí ìtànṣán yẹn ní Würzburg ní Jámánì, ó sì kọ̀, kò gba patent lórí ẹ̀, ìyẹn ìwé tí ì bá jẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ló ni ín, ó ní kí gbogbo ayé máa lò ó. Ayé gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ ibi tíná wà ni ẹ̀rọ náà jókòó sí.

Ní 1898, dókítà sójà Gẹ̀ẹ́sì kan, Battersby, gbé X-ray lọ sí Abadieh ní Sudan níbi tí wọ́n ti ń jagun. Iná wo ló fẹ́ rí nínú aṣálẹ̀? Kẹ̀kẹ́ tí èèyàn méjì jọ ń gùn ló so dáínámò, ẹ̀rọ tó ń mú iná jáde, mọ́, sójà ń wa kẹ̀kẹ́ lójú kan nínú oòrùn Sudan yẹn, bátìrì ń gba iná. Àwọn sójà tiwọn ni wọ́n sì torí ẹ̀ gbé e wá, kì í ṣe ọmọ Sudan.

Marie Curie, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Faransé, ló wá sọ ọ́ di iṣẹ́ gidi. Nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1914, obìnrin yìí ti gba ẹ̀bùn Nobel ẹ̀ẹ̀mejì, ó lè jókòó sílé, àmọ́ ó rí i pé àwọn ìlú ńlá Faransé ni X-ray wà, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn lọ́ta ti ń ba sójà. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ mọ́tò lọ́wọ́ àwọn olówó, ó ń kó ẹ̀rọ sínú ẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é: mọ́tò á dúró lẹ́nu ọsibítù, dírẹ́bà ò ní pa ẹ́ńjìnnì torí òun ló ń yí dáínámò, wáyà gígùn á ti inú mọ́tò wọlé, wọ́n á fi kọ́tìnì bo fèrèsé kí yàrá lè ṣókùnkùn, wọ́n á tẹ́ sójà sórí tábìlì, dókítà á wá wo ibi tọ́ta há sí kó tó mú ọ̀bẹ. Òun fúnra ẹ̀ kọ́ mọ́tò wíwà, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ táyà, kódà ó ń fọ kábúrétọ̀! Ọmọ ẹ̀ Irène, ọmọ ọdún 17, bá a ṣe é. Kógun tó parí, mọ́tò bí 20, yàrá X-ray bí 200, wọ́n sì ti yẹ èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan wò. Ó tún kọ́ obìnrin bí 150 níṣẹ́ náà, lójú tèmi àwọn yẹn gan-an ju mọ́tò lọ, torí mọ́tò tí ò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò, irin lásán ni.

Ìyẹn yanjú iná, ó ku owó fíìmù. Fíìmù X-ray àyà tóbi, ó sì wọ́n, ikọ́ ife sì ń pa tálákà ní Rio de Janeiro bí ẹni ń pa eṣinṣin. Ní 1936, dókítà Manoel de Abreu níbẹ̀ ní kí ló dé tá ò fi kámẹ́rà ya àwòrán tó bá hàn lórí skirínì, ká yà á sórí fíìmù kékeré 35 mílímítà? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Owó já wálẹ̀, èrò ń tò, wọ́n ń yà wọ́n tẹ̀lé ara wọn, àwọn ará Brazil sì fi orúkọ ẹ̀ pe nǹkan náà, abreugrafia. Láìpẹ́ ó ti wọ inú mọ́tò láwọn ìlú míì, ní 1957 Glasgow ní Scotland nìkan ya èèyàn tó lé ní 700,000 láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Àwọn WHO, àjọ ìlera àgbáyé, náà gbé tiwọn dé lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ kan tó ń tọ́jú iná sínú bátìrì kí iná tó lọ má bàa dá iṣẹ́ dúró, ní 1985 wọ́n tẹ ìwé fún dókítà tí kì í ṣe onímọ̀ X-ray, kó lè máa ka àwòrán fúnra ẹ̀.

Ní báyìí, ẹ̀rọ tí ò ju kílò mẹ́ta ààbọ̀ lọ ti wà, oníbátìrì, èèyàn lè gbé e kọ́ èjìká wọ abúlé. Ẹni tó máa ka àwòrán ló wá ṣọ̀wọ́n. Ní 2021 WHO gbà pé kí kọ̀ǹpútà máa bá wọn ka X-ray ikọ́ ife, àmọ́ fún ẹni ọdún 15 sókè nìkan, tọmọdé ṣì ń dúró de dókítà.