Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Òǹtẹ̀ Igi Tẹ Aṣọ Onímáńgòrò ní Bagru

Àwòrán kan wà lára aṣọ tí ojú Yorùbá á pè ní kóró kajú: ìdí rẹ̀ fẹ̀, ṣóńṣó orí rẹ̀ sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Máńgòrò ni àwọn ará Íńdíà ń pè é. Paisley tí àwọn Òyìnbó ń pè é jẹ́ orúkọ ìlú kan ní Scotland, níbi tí wọ́n ti hun àfarawé ìborùn onímáńgòrò ti ilẹ̀ Kashmir láàárín ọdún 1800 sí 1870.

Ní Bagru lẹ́bàá Jaipur ní Íńdíà, àwọn Chhipa, tí aṣọ títẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ìdílé wọn, ló ń fi òǹtẹ̀ igi tẹ̀ ẹ́. Agbẹ́gilére á gbẹ́ ẹ sára igi tíìkì, á lu ihò sí i kí afẹ́fẹ́ lè ríbi jáde, á sì rẹ ẹ́ sínú òróró fún ọjọ́ mélòó kan kó má baà là. Òǹtẹ̀ kan ṣoṣo kì í parí máńgòrò: ọ̀kan á tẹ ìlà etí rẹ̀, òmíràn á kun inú.

Àwọ̀ dúdú ló gba ọgbọ́n jù. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ aṣọ sínú omi èso harda títí yóò fi pọ́n rúsúrúsú. Wọ́n á tún ti da irin tó dípẹtà, ṣúgà ìrèké àti omi pọ̀, kó kan fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n tó fi ìyẹ̀fun kóró ajàgbọn mú un ki. Ìgbà tí omi irin yìí bá kan harda lára aṣọ ló ń di dúdú kirikiri. Álọ́ọ̀mù ni ti pupa, kì í sì í pọ́n títí wọ́n á fi se aṣọ pẹ̀lú aró pupa nínú ìkòkò bàbà. Ibi tí wọn kò bá fẹ́ kí aró mú, ẹrẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ sí i, bí aláàdìrẹ Abẹ́òkúta ṣe ń fi ẹ̀kọ láfún ṣe é.

Atẹ̀ṣọ á ki òǹtẹ̀ bọ àwọ̀, á fi ojú wọ̀n ọ́n, á gbé e lé aṣọ, á fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú gbì. Ojú kì í ṣe rúlà. Nígbà mìíràn pupa á yọ díẹ̀ kọjá ìlà, nígbà mìíràn funfun á ṣẹ́ kù láàárín wọn. Ohun tí ẹ̀rọ ń sín jẹ nìyẹn, ó sì ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n tí a bá wọn aṣọ ẹ̀rọ síwájú, ìyọkúyọ kan náà á tún padà wá ní ìwọ̀n kan náà. Ti ọwọ́ kì í padà. Àmọ́ o, òǹtẹ̀ tó bá ti kán létí á fi àpá kan náà hàn lára gbogbo máńgòrò, ìyẹn kì í ṣe ti ẹ̀rọ.