Ogún oníbàárà di ẹyọ kan: bí draft béésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ṣe bẹ̀rẹ̀

Orúkọ Yorùbá kan ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí o. Ní 2015, mò ń wo orúkọ àwọn ọmọ tí àwọn tíìmù béésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà mú lọ́dún yẹn, bí mo ṣe ń wò ó lọ ni mo rí Demi Orimoloye, mo ní ha, Orímóloyè kẹ̀, ọmọ ta nìyí? Àṣé Nàìjíríà ni wọ́n bí i sí, Kánádà ló ti dàgbà, àwọn Milwaukee Brewers ló mú un ní ráúǹdù kẹrin, ìyẹn ìgbà kẹrin tí yíyàn yí ká gbogbo tíìmù, wọ́n sì fún un ní $450,000 kó lè sáìnì. Inú mi dùn bí ẹni pé ọmọ àdúgbò wa ni. Ohun tí ò kàn yé mi ni pé Brewers nìkan ló láṣẹ láti bá a dúnàádúrà. Ká ní tíìmù mìíràn fẹ́ san ìlọ́po méjì ńkọ́? Wọ́n ní kò sóhun tó jọ ọ́. Tíìmù tó bá ti pe orúkọ ẹ ló ni ẹ́, bí owó wọn ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kóo lọ sílé ìwé.

Draft ni wọ́n ń pe ètò yẹn, owó tí wọ́n sì ń fún ọmọ kó tó fọwọ́ síwèé ni wọ́n ń pè ní bónọ́ọ̀sì, ohun tí àwa tá à ń wo bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ mọ̀ sí sign-on fee. Títí di 2022, tíìmù tó bá ṣe ìkẹyìn ló máa ń kọ́kọ́ mú, torí náà àlàyé tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n dá a sílẹ̀ kí tíìmù tó rẹlẹ̀ lè rí ọmọ tó dáa. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n owó gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀, owó tí àwọn tó ni tíìmù ń ná lórí ọmọdé tí wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe máa dáwọ́ ẹ̀ dúró.

Kí 1965 tó dé, ọjà gbangba ni. Tọ́mọ bá ti mọ bọ́ọ̀lù jù tàbí tó mọ̀ ọ́n gbá, àwọn skáòtù, àwọn tí tíìmù ń rán kiri láti wá ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù, á ya dé ilé bàbá ẹ̀, wọ́n á jókòó sí pálọ̀, wọ́n á jẹ oúnjẹ ìyá ẹ̀, eléyìí á dá iye kan, ìkejì á lé e, ẹni tówó ẹ̀ bá pọ̀ jù ló ń mú ọmọ lọ. Ẹ wá fọkàn sí nǹkan kan níbí torí òun ni gbogbo ìtàn yìí rọ̀ mọ́: nígbà yẹn, tí agbábọ́ọ̀lù bá ti sáìnì, ó di ti tíìmù yẹn nìyẹn, kò lè kúrò fúnra ẹ̀, àwọn ni wọ́n á máa bu owó fún un bó ṣe wù wọ́n, wọ́n sì lè tà á fún tíìmù mìíràn láì bi í léèrè. Ó di ìparí 1975 kí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó rí ọ̀nà já ara wọn gbà. Nítorí náà, gbogbo ayé ẹ̀, ìgbà kan ṣoṣo tó lágbára ni ìgbà tí kò tíì fọwọ́ síwèé. Ìgbà yẹn nìkan ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni bónọ́ọ̀sì wá ń ga bí òkè. Ní 1950, Pittsburgh Pirates san $100,000 lórí Paul Pettit, ajubọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ òsì láti California, ẹnikẹ́ni ò dé iye yẹn rí. Ẹnì kan tó ń ṣe fíìmù ní Hollywood ló ti kọ́kọ́ bá ọmọ náà ṣàdéhùn nígbà tó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ọwọ́ onífíìmù yìí ni Pirates ti rà á. Apá Pettit bàjẹ́ láìpẹ́. Ẹyọ ìdíje kan péré ló jàre nínú líìgì ńlá.

Àwọn tó ni tíìmù ti rí i pé àwọn ò lè kó ara àwọn níjàánu, ni wọ́n bá ń fi òfin dè é. 1947 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, wọ́n yọ ọ́ ní 1950, wọ́n tún mú un padà ní 1952, tó wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: ọmọ tó bá gba bónọ́ọ̀sì tó ju $4,000 lọ, tíìmù ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi í sáàárín àwọn 25 tó wà ní líìgì ńlá fún ọdún méjì gbáko, wọn ò gbọdọ̀ rán an lọ sí líìgì kékeré kó lọ kọ́ṣẹ́. Kí tíìmù lè rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó kówó sílẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é, àmọ́ orí ọmọ ni ìyà ẹ̀ já lé.

Ẹ wo Sandy Koufax, ọmọ Brooklyn, ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí Dodgers fún un ní $14,000 ní ìparí 1954, ó sì ní in lọ́kàn pé tí bọ́ọ̀lù ò bá jọ, òun á fi parí yunifásítì. Owó yẹn ló wá há a mọ́ líìgì ńlá, gbogbo ọdún 1955 ìdíje 12 ló fi ju bọ́ọ̀lù, ó kàn ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ni, nígbà táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wà ní líìgì kékeré tí wọ́n ń ṣe àṣìṣe tí wọ́n sì ń kọ́gbọ́n. Ẹni tí wọ́n rán lọ sísàlẹ̀ kí àyè lè gba Koufax ni Tommy Lasorda, tó padà wá di mánéjà Dodgers. Ó tó ọdún mẹ́fà kí Koufax tó di ẹni tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù. Mo gbà pé òfin yẹn jẹ nínú ọdún mẹ́fà yẹn.

Ti Roberto Clemente láti Puerto Rico yàtọ̀. Dodgers yìí kan náà ló fún un ní $10,000 ní 1954, wọn ò wá fi í sí líìgì ńlá bí òfin ṣe wí, Montreal, tíìmù wọn ní líìgì kékeré, ni wọ́n fi í pamọ́ sí, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù tó bó ṣe yẹ. Òfin ní tẹ́ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn lè mú un kúrò lọ́wọ́ yín lópin ọdún. Pirates ló ṣe ìkẹyìn, àwọn ló kọ́kọ́ yàn, $4,000 ni wọ́n fi gbé Clemente lọ. Títí tó fi kú nínú bàálù ní 1972, lọ́nà ibi tó ti ń kó oúnjẹ lọ fún àwọn tí ilẹ̀ ríri ṣe ní Nicaragua, Pirates nìkan ló gbá bọ́ọ̀lù fún ní líìgì ńlá.

Nígbà tí 1958 fi máa dé wọ́n ti pa òfin yẹn rẹ́, torí àwọn tíìmù ń fura síra wọn pé owó kan ń gba ẹ̀yìn wọlé fún àwọn òbí. Lọ́rọ̀ kan ṣá, ọjà tún ṣí sílẹ̀, owó tún ń sáré.

1964 ló wá bẹ́. Ọmọ yunifásítì Wisconsin kan wà tó ń jẹ́ Rick Reichardt, gbogbo wọn ló ń wọ́ tọ̀ ọ́, Los Angeles Angels ló mú un níkẹyìn ní $205,000. Willie Mays, tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gbá tó o lásìkò yẹn, $105,000 ni owó ẹ̀ fún odindi ọdún. Ọmọ tí ò tíì gbá ẹyọ kan ní líìgì ńlá gba ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó Mays! Ẹ̀rù ba àwọn tó ni tíìmù. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn, wọ́n pàdé ní Houston, wọ́n dìbò, wọ́n ní àwọn náà á máa ṣe draft bí àwọn NFL, líìgì futubọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ṣe ti ń ṣe é láti 1936.

Ó di Oṣù Kẹfà 1965 ní Hotel Commodore ní New York. Tíìmù 20 ló wà nígbà yẹn. Kansas City Athletics ló kọ́kọ́ mú, Rick Monday láti yunifásítì Arizona State ni wọ́n pè, ó gba nǹkan bíi $100,000, ìyẹn ìdajì ohun tí Reichardt gbà ní ọdún tó ṣáájú. Ẹ dákun, kò tíì pé ọdún kan o! Kì í ṣe pé àwọn ọmọ ọdún yẹn ò dáa, Johnny Bench wà ńbẹ̀ ní ráúǹdù kejì, Nolan Ryan wà ńbẹ̀ ní ráúǹdù kejìlá, àwọn méjèèjì ló padà di àgbà ọ̀jẹ̀. Ogún oníbàárà ló wà lọ́jà tẹ́lẹ̀, wọ́n wá ku ẹyọ kan. Ẹni tó bá ti pàtẹ ata rí mọ bí ọ̀sán ọjà bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí. Kò sẹ́ni tó tún gba ju Reichardt lọ títí ó fi ku díẹ̀ kí 1980 wọlé, kò sì sẹ́ni tó bi àwọn ọmọ yẹn bóyá wọ́n fẹ́ ẹ. Ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù gan-an ò tíì lẹ́nu, 1966 ni Marvin Miller ṣẹ̀ṣẹ̀ wá di olórí wọn, ọmọ tí ò tíì sáìnì kì í sì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́.

Ohun ìjà kan ṣoṣo ló kù sọ́wọ́ ọmọ: kó ní òun ò ṣe. Tom Seaver, ajubọ́ọ̀lù kan, lò ó kíákíá. Dodgers mú un ní 1965 yẹn, owó wọn ò tó, ó padà sí USC, yunifásítì ẹ̀ ní California. Nígbà tó di Oṣù Kíní 1966, Braves mú un, wọ́n bá a ṣe $40,000, ó sáìnì. Àfi bí ọ̀gá àgbà líìgì, William Eckert, ṣe ní àdéhùn yẹn ò dúró, torí yunifásítì Seaver ti bẹ̀rẹ̀ sáà ìdíje kó tó fọwọ́ síwèé. Seaver fẹ́ padà sílé ìwé, NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì, ní kò lè gbá bọ́ọ̀lù fáwọn mọ́ torí ó ti sáìnì. Ọmọ wá wà láàárín ilẹ̀kùn méjì, méjèèjì tì. Bàbá ẹ̀ ní òun á gbé wọn lọ sí kóòtù. Ni Eckert bá ní tíìmù tó bá lè san ohun tí Braves fẹ́ san kó jáde. Mẹ́ta péré ló jáde: Cleveland, Philadelphia àti New York Mets. Wọ́n kọ orúkọ wọn sórí bébà, wọ́n jù ú sínú fìlà, wọ́n mú ẹyọ kan. Mets ló jáde. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ẹ̀, Seaver ló síwájú tí Mets tí gbogbo ayé ti ń fi ṣẹ̀sín fi gba World Series, ife-ẹ̀yẹ tó ga jù nínú líìgì ńlá, ní 1969.

Ẹni tó wá lo ohun ìjà yẹn dójú ẹ̀, ìyá kan ni. 1991, Yankees ló kọ́kọ́ mú, wọ́n mú Brien Taylor, ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì tó ń fọwọ́ òsì ju bọ́ọ̀lù bí ìbọn, láti etíkun North Carolina. Bíríkìlà ni bàbá ẹ̀, ìyá ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ ẹran alákàn. Yankees mú $300,000 wá. Ìyá ní rárá. Ó ti gbọ́ pé ọdún tó kọjá, Oakland fún Todd Van Poppel, ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì bíi tiẹ̀, ní $1.2 mílíọ̀nù lápapọ̀, kí ló dé tí tọmọ òun máa fi kéré? Wọ́n fi kún un, ó ní rárá, wọ́n tún fi kún un, kò mì. Scott Boras ló ń gbà wọ́n nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n ìyá yẹn ló dúró. Òfin sì ni pé tọ́mọ bá ti wọ kíláàsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, Yankees ti pàdánù ẹ̀ nìyẹn, ìyá wá ń múra ọmọ sílẹ̀ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìparí Oṣù Kẹjọ ni Yankees túúbá, $1.55 mílíọ̀nù. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn gan-an. Kò kàwé òfin, ó kàn mọ iye tọ́jà òun tó ni. Ó sì dáa tó gbà á, torí Oṣù Kejìlá 1993, Brien lọ gbèjà ẹ̀gbọ́n ẹ̀ níbi ìjà kan, èjìká tó fi ń ju bọ́ọ̀lù já, kò dé líìgì ńlá láyé ẹ̀. Owó yẹn nìkan ló rí jẹ níbẹ̀.

Látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń fa okùn náà síwá sẹ́yìn. 1996, àwọn tíìmù kan gbàgbé láti fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ 15 tí òfin wí, ọmọ mẹ́rin bá bọ́ sọ́jà gbangba, Matt White gba $10.2 mílíọ̀nù, Travis Lee gba $10 mílíọ̀nù, ká wá mọ iye tọ́mọ tó gan-an tí oníbàárà bá pọ̀. 2009, ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí agogo 12 òru lù tí Stephen Strasburg fi sáìnì fún Nationals ní $15.1 mílíọ̀nù. Àwọn tíìmù ní ó tó.

Ni wọ́n bá gbé òfin tuntun dé ní 2012, ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù sì fọwọ́ sí i, èyí tó dùn mí jù nìyẹn, torí ẹ̀tọ́ ọmọ tí kò sí níbi ìpàdé ni wọ́n fi dọ́rẹ̀ẹ́. Ipò kọ̀ọ̀kan ti ní iye tiẹ̀, tíìmù á ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú àpò kan, tó bá ná kọjá àpò yẹn ó máa san owó orí, tó bá ju ìdá 5 nínú 100 lọ, ó máa pàdánù ẹ̀tọ́ láti mú ọmọ ní ráúǹdù kìíní ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n tún fi kún un pé tí ọmọ ráúǹdù mẹ́wàá àkọ́kọ́ kan ò bá sáìnì, iye ipò ẹ̀ á kúrò nínú àpò náà pátápátá.

Gbólóhùn kẹ́yìn yẹn ló ṣe Jacob Nix. 2014, Houston Astros kọ́kọ́ mú Brady Aiken, wọ́n jọ fohùn sí $6.5 mílíọ̀nù. Wọ́n yẹ apá ẹ̀ wò, wọ́n ní iṣan ìgúnwọ́ ẹ̀ ò tẹ́ àwọn lọ́rùn, wọ́n já a wálẹ̀ sí $3.1 mílíọ̀nù. Aiken ní apá òun ò dun òun. Ọjọ́ tó kẹ́yìn wọ́n gbé e padà sí $5 mílíọ̀nù, ó ti bínú, kò sáìnì. Nix ńkọ́? Ráúǹdù karùn-ún ni wọ́n ti mú un, wọ́n ti bá a parí ẹ̀ ní $1.5 mílíọ̀nù, kò sóhun tó ṣe apá ẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ bí owó Aiken ṣe kúrò nínú àpò, tí wọ́n bá san ti Nix wọ́n máa kọjá iye, wọ́n máa pàdánù ráúǹdù ọdún tó ń bọ̀. Wọn ò san án. Agogo 5 ìrọ̀lẹ́ July 18 lù, ó ti parí. Astros rí ipò kejì gbà dípò ní 2015, òun ni wọ́n fi mú Alex Bregman. Ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù bá Nix gbẹ́jọ́ ẹ̀, wọ́n yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn. Ọdún kejì San Diego Padres mú un, $900,000 ló gbà, ní 2018 ó ju bọ́ọ̀lù ní líìgì ńlá. Aiken ò dé ibẹ̀.