Ẹsẹ̀ tí wọ́n ti gé ṣì ń dùn yín? Orí yín ò dàrú o

Ẹsẹ̀ tí wọ́n ti gé máa ń yún èèyàn. Ó máa dà bí àlọ́ lójú ẹni tí ò ṣẹlẹ̀ sí rí, àmọ́ àwa tá à ń tọ́jú àwọn tí wọ́n gé lápá tàbí lẹ́sẹ̀ l'Ékòó yìí, à ń gbọ́ ọ dáadáa, tá a bá ṣáà ti fúnra wa béèrè, torí ọ̀pọ̀ wọn ò ní sọ. Bọ̀dá kan tó ń ṣe kọ̀ndọ́ l'Óṣòdì kí tírélà tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ ní tó bá di bí aago méjì òru, àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì tí ò sí mọ́ yẹn á ká jọ, á fún pinpin bíi pé ẹnì kan ń lọ́ ọ, òun á nawọ́ sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, òun ò ní bá nǹkan kan. Ìyàwó ẹ̀ gan-an ò mọ̀. Ó ní ta lòun fẹ́ sọ fún, kí ìyá òun má lọ wọ́ òun lọ sọ́dọ̀ wòlíì pé ayé ló wà nídìí ẹ̀.

Kò sí ayé kankan níbẹ̀ jàre. Àyè tí ẹsẹ̀ yẹn ní nínú ọpọlọ ṣì wà níbẹ̀, àwọn iṣan tí wọ́n gé náà ṣì ń ránṣẹ́ sókè, bíi ilé tí wọ́n ti wó tí NEPA ṣì ń gbé bíìlì wá. Ìrora gidi ni. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Silas Weir Mitchell, tó tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun abẹ́lé wọn, ti kọ̀wé nípa ẹ̀ láti 1871, ó sì fún un lórúkọ, "phantom limb". Panadol ò fi bẹ́ẹ̀ ràn án, oògùn tí dókítà máa ń kọ fún ìrora iṣan yàtọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ẹ̀ lọ máa ra tírámádọ̀ ní gáréèjì, mo ti rí ẹni tí ẹsẹ̀ ò dùn mọ́ tó jẹ́ pé oògùn ló wá kù tó ń bá jà.

Dígí náà máa ń ràn án. Ramachandran, onímọ̀ nípa ọpọlọ, ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ l'Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde láàárín àwọn ọdún 1990. Ẹ wá dígí gbọọrọ irú èyí tó máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ẹ jókòó, ẹ gbé e sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì kó kọjú sí èyí tó dáa, kí ibi tí wọ́n gé wà lẹ́yìn ẹ̀ tójú yín ò ti ní tó o. Ẹ wá máa mi èyí tó dáa díẹ̀díẹ̀, ẹ ká ìka ẹ̀, ẹ tú u, kójú yín má kúrò lára dígí. Ojú á rí ẹsẹ̀ méjì, èyí tó ká pinpin yẹn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú fún àwọn kan. Bíi ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn o, àwọn míì á bú sẹ́kún lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹkún ò burú, àmọ́ tí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ gbé e sílẹ̀ kẹ́ ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe físíò fún yín.

Ẹ̀yin ẹbí ńkọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ pé "ẹ dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò bá a lọ." Ọpẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ níjẹta, kó máa gbọ́ ọ lẹ́nu gbogbo ẹni tó gbé ọsàn wá kí i, ó ti pọ̀ jù. Ó ṣòfò ni. Ẹni tó ṣòfò lè rẹ́rìn-ín láàárọ̀ kó má fẹ́ rójú ẹnikẹ́ni nírọ̀lẹ́. Ẹ jókòó tì í, tí ò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ má sì gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tó bá lè jókòó bó iṣu, ẹ gbé iṣu fún un.

Tó bá máa kọ́kọ́ jáde, ẹ bá a lọ. Ní Èkó yìí ẹ lè dúró jẹ́ẹ́jẹ́ sí bọ́sítọ́ọ̀pù l'Ójúẹlẹ́gba pẹ̀lú kírọ́ọ̀ṣì, aṣọ yín mọ́ tónítóní, ẹnì kan á kàn ki ₦200 bọ̀ yín lọ́wọ́, á ní Ọlọ́run á ṣàánú yín. Mo mọ ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Balógun tó jẹ́ pé nítorí ₦200 yẹn ni ò ṣe jáde mọ́ fún oṣù mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò bú u. A jọ wá èsì kan ni, a sọ ọ́ títí tó fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu: "Ẹ ṣé o, ṣọ́ọ̀bù mi ni mò ń lọ, kí lẹ fẹ́ rà?" Ó ní àwọn kan ti di kọ́sítọ́mà òun.

Tó bá wá tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ò sùn, tí ò jẹun, tí nǹkan kan ò wù ú mọ́, ìyẹn ti kọjá ìbànújẹ́ lásán. Èyí tó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́sibítù, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ̀rù Yábàá, ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, máa ń ba àwọn èèyàn wa, wọ́n ní wèrè nìkan ló ń lọ síbẹ̀. Ẹni tí ò róorun sùn ń lọ síbẹ̀, á rí dókítà, á sì padà sílé lọ jẹ àmàlà ẹ̀ lálẹ́. Tí Yábàá bá ṣì le lójú yín, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ yẹ ojú ọgbẹ́ wò ní ọsibítù Igbóbì tàbí LUTH, kí dókítà tó dì í padà, ẹ sọ fún un pé ẹ ò sùn.